Ọjọ́ Tí Elétí Ọfẹ Da Ọ́ìlì Jù

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní gáréèjì bọ́ọ̀sì náà pé etí ni Elétí Ọfẹ fi ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnì dísẹ́lì, abẹ́ ọkọ̀ náà ló ti hu irùngbọ̀n. Bó bá ń da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnì, kì í fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ wò bí ọmọ èèyàn. Á dẹ etí sílẹ̀. Bí ìró ọ́ìlì bá ti yí padà, á ní ó ti tó. Ká sòótọ́, kì í sábà kùnà.

Ẹni tó wá ń bí i nínú ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbà síṣẹ́ láìpẹ́, tó kọ́ iṣẹ́ náà níléèwé. Ọmọ Ìwé ni wọ́n ń pè é, nítorí ìwé gbàǹgbà kan tí kì í kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ṣé ìwé yẹn ló máa tú nọ́ọ̀tì ni?" Elétí Ọfẹ máa ń bi í.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ó kàn máa ń sọ èyí tí kò yẹ kéèyàn tú fún mi."

Ìgbà tí olórí mẹkáníìkì fẹ̀yìn tì ni ọ̀rọ̀ náà wá le. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ ipò náà. Mánija ní òun ò fẹ́ ariwo: kí olúkúlùkù gba bọ́ọ̀sì kan tó bàjẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ tún tirẹ̀ ṣe tó sì ṣáná sí i ni ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnì kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje náà, ìyàwó Elétí Ọfẹ ti ní káwọn aládùúgbò máa pe òun ní ìyàwó ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ náà ká ọkọ rẹ̀ lára débi pé kò lè jẹun.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ́ìlì nìkan ló kù fún un. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń dà á lọ, àfi bí irin ṣe dún gbàgà lọ́dọ̀ Ọmọ Ìwé. Àbí ó ti ń parí ni? Ó na etí sọ́hùn-ún. Ó gbọ́ sípánà, ó gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé, ó tiẹ̀ gbọ́ orin tó ń kùn lábẹ́ imú. Ọ́ìlì tó ń dà nìkan ni kò gbọ́. Ìgbà tí yóò fi rántí, kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ.

"Kò lè ṣe nǹkan kan," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sáré lọ yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnì dáhùn, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà ò tíì tán tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe rẹ̀ ń ga sí i, èéfín bo gbogbo gáréèjì. Elétí Ọfẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ́ńjìnì ò kú. Ó yọ ọ́ pátápátá, ẹ́ńjìnì ń sáré lọ ní tirẹ̀: ọ́ìlì tó kún àkúnjù ló ń mu, kò nílò dísẹ́lì ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ti dé ojú títì. Elétí Ọfẹ di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ń bẹ ẹ́ńjìnì.

Ọmọ Ìwé ló já wọ inú èéfín. Ó fa rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé yọ, ó fi ìwé gbàǹgbà rẹ̀ dí ojú ihò náà. Ẹ́ńjìnì fa ìwé mọ́ra, ó wúkọ́, ó gbọ̀n rìrì, ó kú.

Mánija dé, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. "Ta ló kọ́kọ́ ṣáná?"

"Elétí Ọfẹ ni!" àwọn tó wà lójú títì pariwo.

Mánija na ọwọ́ sí i. Elétí Ọfẹ wo ọmọbìnrin náà, tó ń ṣa ìwé rẹ̀ tó ti fàya jọ. Ojú tì í gan-an.

"Ọ̀gá, èmi ni mo ṣáná sí i," ó ní, "àmọ́ mi ò lè pa á. Mo ń ṣọ́ ọmọ yìí, mo da ọ́ìlì jù. Òun ló wá bá mi pa á."

Mánija fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹni tó lè pa á ni mo fẹ́," ó ní, ó bọ Ọmọ Ìwé lọ́wọ́, ó sì lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ọmọbìnrin náà rọra sọ, "ẹ ò bá ti dákẹ́."

"Mo fẹ́ dákẹ́. Mo tiẹ̀ ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá." Ó nu ojú rẹ̀. "Àmọ́ bí ẹ́ńjìnì mìíràn bá ya wèrè lọ́la, tí mo sì jẹ́ ọ̀gá, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n sá ni?"