Àárẹ̀ Tó Ń Gba Ẹ̀yìn Ojú Wọlé

Ọ̀gá, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà, na apá aṣọ iléèwé kan sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Apá òsì ni gbogbo wọn.

"Ẹlẹ́ẹ̀kan, wá wo ohun tó o gé. Ṣé ọwọ́ òsì nìkan làwọn ọmọ iléèwé yẹn ní ni?"

Agéṣọ ti gbàgbé láti dojú aṣọ dé kó tó gé apá kejì. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá ò jẹ́ ṣe irú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ẹlẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń pe agéṣọ yìí, torí pé kì í fi sísọ́ọ̀sì gba ojú kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí. Ó ní àwọn aránṣọ yòókù ń sọ pé ọtí ló ń mu, pé òun náà ti bá a níbi tó gbé orí lé tábìlì. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á fa sísọ́ọ̀sì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Agéṣọ tọrọ àforíjì, kò sì sọ pé oògùn ló ń mú kó rẹ òun.

Láti ìgbà tí wọ́n ti rí kòkòrò àrùn nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń lo oògùn náà láràárọ̀. Ó mọ àárẹ̀ dáadáa. Ó ti ru búlọ́ọ̀kù lójúmọmọ rí kó tó gba ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ lọ. Ìbàdí ni àárẹ̀ ìgbà yẹn máa ń jókòó sí, oorun sì ń lé e lọ. Eléyìí ò mọ ìbàdí. Ẹ̀yìn ojú ló ń gbà wọlé, jẹ́jẹ́, ọwọ́ á wá wúwo bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi. Ó ń yà á lẹ́nu pé oògùn tó ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là ló tún fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pinnu pé òun ò ní lò ó lọ́la. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì ò bá a wí. Ìbéèrè ló ń bi í, bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀: ibo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣé kó tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ?

Nígbà tó gbọ́ pé agéṣọ fẹ́ pa oògùn tì, ó ní: "Ẹ má dá a dúró o. Kòkòrò yẹn ò kú, ó kàn sùn ni. Ìgbà wo lẹ ń lò ó?"

"Láàárọ̀, kí n tó jáde."

"Ẹ̀yin náà. Ẹ ń gbé oorun mì, ẹ wá ń gba ibi iṣẹ́ lọ."

Nọ́ọ̀sì lọ bá dókítà sọ ọ́. Wọ́n ní kí agéṣọ máa lò ó bó bá fẹ́ sùn, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, bóyá nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún un pé àárẹ̀ náà lè má tètè lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó fọwọ́ kan aṣọ, agéṣọ lọ dúró níwájú Ọ̀gá.

"Mi ò mutí, mà. Ẹ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń tọ́jú, oògùn rẹ̀ ló ń mú kó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa gé aṣọ ná."

Ọ̀gá bi í bóyá ó ń ràn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tàbí ìbálòpọ̀ ló ń gbà ràn, kì í ṣe ìjókòópọ̀. Ọ̀gá wá ní kó ṣàlàyé bí àárẹ̀ oògùn ṣe máa ń rí. Bó ti ń sọ ọ́, ìyá náà ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yìn ojú kẹ̀?" Ó mi orí. "Lọ gé aṣọ rẹ. Bó bá ti dé, fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, kó o pè mí. Mo fẹ́ rí i."

Agéṣọ rò pé ìyá náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó wo aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀.

"Mà," ó ní, "ó ti dé."

Ọ̀gá pa áyọ́ọ̀nù, ó gbé àga, ó wá jókòó tì í.