Ètè Ìyá Yẹ́ì

Támbà ti gbé òòlù sókè kí Síà tó mọ̀ pé òun ti pariwo.

"Ẹ dúró!"

Ohùn náà kéré, ṣùgbọ́n òòlù dúró. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà yíjú sí i, ẹrẹ̀ kòtò ti bò wọ́n dé ìbàdí. Lójú ẹsẹ̀ ni Síà bojú wolẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń fa ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ wá sétí odò Báfì, kò sọ̀rọ̀ sókè níbẹ̀ rí.

Òkúta méjì ló wà lórí àpáta níwájú Támbà. Ọ̀kan tó èkùrọ́, ó ń kọ mànà. Èkejì kò ju hóró ẹ̀pà lọ, ó ṣú díẹ̀, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Inú asẹ́ kan náà ni wọ́n ti bá wọn láàárọ̀. Oṣù méje ni wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò yìí. Ọ̀gá tó ń fún wọn ní ìrẹsì sì ti búra pé bí oòrùn bá wọ̀ lónìí láìsí nǹkan kan, àwọn ẹlòmíràn ni òun yóò gbé kòtò náà fún.

"Baba mi ló kọ́ mi," Támbà ní. "Dáyámọ́ǹdì kì í fọ́. Èyí tí òòlù bá ti fọ́, irọ́ ni."

"Baba yín náà ńkọ́?" Fàyíà bi í. "Ṣé ó rí ẹyọ kan tà kó tó kú?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Yẹ́ì, ìyá àgbà Síà, kò rẹ́rìn-ín. Orí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ló jókòó sí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé òkúta wá bá a. Á mí sí i, á fi kan ètè, á sọ ohun tó jẹ́. Kò ṣì í rí.

"Ohun tó le kọ́ ni ohun tí kì í fọ́, Támbà," ló wí. "Ọ̀bẹ kò lè ha á, àmọ́ òòlù kan péré, ó ti di ìyẹ̀fun."

"Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà, Ìyá."

Ìyá Yẹ́ì fọwọ́ kan ẹnu. "Ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ bó mi létè láàárọ̀. Kò mọ tútù mọ́, kò mọ gbígbóná. Síà ni yóò ṣe é."

"Síà kẹ̀? Èyí tí kì í kí èèyàn tán tí á ti sá?"

"Fàyíà, panu mọ́," Ìyá Yẹ́ì ní.

Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ a bá àgbà jẹun. Síà ti ń wẹ ọwọ́ tipẹ́, lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, tó ń gbọ́ bó ṣe ń yẹ òkúta wò. Kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò pe òun sídìí abọ́.

Ó nu òkúta ńlá náà gbẹ, ó mí sí i. Ìkùukùu bò ó. Ó kà á sínú: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìkùukùu ṣì wà níbẹ̀. Ó fi kan ètè. Ó tutù, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí awọ ara.

Ó mú kékeré. Ó mí sí i, ìkùukùu náà sì lọ kó tó pa ẹnu dé. Nígbà tó fi kan ètè, òtútù rẹ̀ wọ eyín. Ó dì í mú síbẹ̀. Òtútù náà kò tètè lọ.

Ó wá fi etí òkúta kékeré fa ara òkúta ńlá. Ilà funfun kan yọ. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, ilà kò lọ. Ó fi ńlá fa ara kékeré. Kò sí nǹkan kan.

"Èyí tó ń kọ mànà yìí, òkúta lásán ni." Ó ti gbójú sókè. "Dáyámọ́ǹdì rèé, Bọ̀ọ̀dá Támbà. Ẹ má lù ú."

Àwọn yòókù hó yèè. Támbà nìkan ló jókòó sínú ẹrẹ̀, òòlù lórí itan.

"Mélòó ni baba mi fọ́?" ló bèèrè.



Ní ìrọ̀lẹ́, Síà bu ọbẹ̀ sórí ìrẹsì, èéfín ń rú lórí rẹ̀.

"Ẹ rọra o, Màmá Àgbà. Ètè yín."

Màmá ti ki ọwọ́ bọ abọ́. Kò fẹ́ atẹ́gùn sí òkèlè náà, kò ṣe háà. Ó gbé e mì, ó lá ètè rẹ̀ òkè, ó lá ti ìsàlẹ̀.

"Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé," ló wí.

Síà sún mọ́ ọn. Ó wo ètè náà nínú ìmọ́lẹ̀ ààrò, ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń wo òkúta. Kò léròrò, kò bó. Ó ń dán.

Ó dìde, ó wẹ ọwọ́, ó sì jókòó ti abọ́ náà.