Ìlédìí Funfun Báláú

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló máa sá. Torí náà, ẹ má tíì fi alágbàfọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná. Àkọ́bí rẹ̀ ò pé oṣù kan láyé tó fi kú. Ibà ló ṣe é. Dókítà ní ìdọ̀tí ló gba ojú ìwọ́ wọ ọmọ náà lára. Ìdọ̀tí! Nínú ilé ẹni tó ń fi aṣọ fífọ̀ jẹun! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkùnrin náà lákínyẹmí ara, kò sì jáde mọ́.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ tún wá bí ọmọbìnrin làǹtìlanti, gbogbo èèyàn ń yọ̀, ẹ̀rù ló ń ba alágbàfọ̀ yìí. Bí ọmọ bá sín, á fò dìde. Bí ọmọ bá sùn jù, á lọ gbé etí sí i láyà, bóyá ó ṣì ń mí.

Báláú làwọn oníbàárà ń pè é, torí aṣọ funfun tó bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, funfun báláú ni. Yàrá iwájú ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì ìlọṣọ ló wà níbẹ̀, àwọn báàfù ńláńlá sì wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ okùn ìsáṣọ. Ọgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ: aṣọ funfun, wọn kì í ṣan án tán pátápátá. Kí òórùn bílíìṣì, omi tó ń jẹ àbàwọ́n yẹn, ṣẹ́ kù díẹ̀ lára rẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì símú, tí òórùn yẹn ta á nímú, á ní, "Èyí mà mọ́ o!" Á sì padà wá.

Ìlédìí ọmọ wá di tirẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ àfi òun. Irú èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní ta ló mọ ọwọ́ tó dì í. Aṣọ òwú ni wọ́n ń lò. Á sè é, á rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì, á fún un, á sá a, á sì fi irin gbígbóná lọ̀ ọ́ títí á fi dán. Nígbà tí aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbélé wá kí ọmọ, Báláú ní kó máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbà mí o!" Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹyin lẹ yé ni, àbí ọmọ lẹ bí?"

"Ẹ bá mi fi ọmọ mi lọ́rùn sílẹ̀ jàre."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kì í ṣe ẹkún ebi, torí bó ṣe ń mu ọmú tán ló tún ń ké. Ìyá rẹ̀ tú ìlédìí, ó rí i pé ìdí ọmọ ti pọ́n. Báláú yọjú wò ó.

"Ìdọ̀tí ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó tún ti dé."

Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó da bílíìṣì kún bílíìṣì. Lọ́jọ́ kejì, ìdí ọmọ pọ́n koko. Ó tún dà kún un. Nígbà tó yá, ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, bàbá náà ò sì kúrò nídìí báàfù mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi látìgbà tó ti ń bá ọṣẹ jà, bílíìṣì kì í ta á. Háà, ẹ̀rù a máa fọ́ni lójú o! Ohun tó ń pa ọmọ lára gan-an ló ń fi gbogbo agbára rẹ̀ pò.

"Bàbá Ọmọ," ìyàwó rẹ̀ ní, "ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbé tàkọ́kọ́ lé wa lọ́wọ́ lókùú? N ò lọ."

"Ṣé ilé la máa jókòó sí tí eléyìí náà á fi lọ ni?"

Ó padà sídìí báàfù. Ẹ̀rù ìdọ̀tí ń bà á, ẹ̀rù ilé ìwòsàn ń bà á, èwo ni kó kọ́kọ́ sá fún?

Àárọ̀ ọjọ́ tí ara ọmọ gbóná janjan, tó kọ ọmú, ìyá rẹ̀ ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́. Ó gbé ọmọ sáyà, ó jáde. Báláú gbá àpò ìlédìí mú, ó sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin sígbọnlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó tú ọmọ wò.

"Ó ti di egbò," nọ́ọ̀sì ní. "Inú egbò yẹn ni ibà ti ń bọ̀. Bó bá fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ..." Kò parí rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ àti ìyá wọlé sẹ́yìn kọ́tìnì, dókítà sì wọlé tẹ̀ lé wọn.

Nọ́ọ̀sì jáde padà wá mú ìlédìí fún ọmọ. Ó yọ ọ̀kan nínú àpò, ó gbé e súnmọ́ imú, ló bá fajú ro.

"Ta ló ń fọ èyí?"

"Èmi ni, mà. Ó mọ́ o, mà. Ẹ wò ó, kò sí ẹ̀gbin kankan níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ò bá a jiyàn. Ó fi omi rẹ ìlédìí náà, ó ká apá aṣọ Báláú sókè, ó sì wé e mọ́ ọn lápá, níbi tí awọ ti rọ̀.

"Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ má tú u."

Ó jókòó. Lákọ̀ọ́kọ́, kò mọ nǹkan kan lára. Ó ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, igbe tó ti há. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, apá ń yún un. Ó rò pé ẹ̀fọn ni. Yíyún di títa, títa di gbígbóná, ó sì fẹ́ fa aṣọ náà ya. Ó wá wo kọ́tìnì. Ọmọ ò lè tú tirẹ̀. Tọ̀sán-tòru ló wà nínú ẹ̀.

Ìdọ̀tí tó ń lé kiri ilé láti ọjọ́ yìí wá, òun fúnra rẹ̀ ni.

"Ó tó, ẹ tú u," nọ́ọ̀sì ní nígbà tó padà dé.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ẹ tú u, mo ní. Ṣé ìyẹn ló máa wo ọmọ sàn? Omi tó mọ́ àti òwú ni kẹ́ ẹ máa fi nù ún. Ìlédìí, ẹ ṣan án títí imú ò fi ní gbọ́ òórùn kankan lára ẹ̀. A ti fún un lábẹ́rẹ́. Ẹ ò ní lọ sílé títí a máa fi mọ ibi tí ibà yẹn ń lọ."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ jáde. Báláú dìde.

"Ìyá Ọmọ, èmi ni. Bílíìṣì ni. Èmi ni mo fi bó o lára."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Mo ní ká wá! Ṣé mi ò ní ká wá ni? Ẹ̀ bá ti pa á fún mi!"

Ìyàwó gbé ọmọ lé ibùsùn, ó fa Báláú lápá, ó tú aṣọ náà, ó sì ń bu omi sí ibi tó pọ́n, ó ń sunkún, ó ń bú u. "Ṣé ẹni méjì lẹ fẹ́ kí n máa tọ́jú ni? Ẹ dúró dáadáa!"

Ọmọ tọ̀ sórí ibùsùn, ó sì tún figbe ta. Ìyàwó ti omi àti òwú sí iwájú Báláú.

"Ẹ nù ún."

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ wá."

Ó wá. Ìyàwó rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi nù ún tán.