Lẹbẹ Gígùn Lójú Òkun

Èmi ni mo yan pákó àti lẹbẹ tí kò yẹ fún àbúrò mi, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, òkun Èkó sì gbé e ṣubú níwájú àwọn tó fẹ́ mú un sínú ẹgbẹ́ wọn.

Táńkì fáíbà tó là àti bọ́ńpà ọkọ̀ tó fọ́ ni mo ń lẹ̀ ní àdúgbò Shango, lápá àríwá níbí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo bà á jẹ́ títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé wá láti Èkó lọ́dún tó kọjá láti kọ́ àwọn èèyàn, títí kan àbúrò mi, bí wọ́n ṣe ń dúró lórí pákó, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà á lójú adágún omi Tagwai. Pákó ni wọ́n ń pè é, fáíbà ni. Méjì nínú tirẹ̀ là, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún wa, mo sì lẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá, imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, lẹbẹ gígùn kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, bíi ti ẹja. Èkejì kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ, imú rẹ̀ tẹ̀ sókè, lẹbẹ kékeré mẹ́ta ló ní.

Nígbà tó di oṣù kejì, ẹgbẹ́ kan tó ń gun irú pákó yìí lójú òkun ní Èkó ní àwọn ń wá obìnrin mẹ́ta. Wọn ò ní gba ẹni tó bá ti ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Àbúrò mi yóò pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní oṣù kẹrin.

"Àǹtí mi, bí èyí bá bọ́, ó parí nìyẹn."

Kò sunkún. Ilẹ̀ ló ń wò. Ì bá sàn kó sunkún.

Pákó kan péré ni awakọ̀ tó máa gbé e lọ sí Èkó gbà láti so mọ́ orí ọkọ̀. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé.

"Ijó ni ìgbì," ló wí. "Ẹni tó fẹ́ bá a jó gbọ́dọ̀ lè yí ìbàdí. Ẹ gbé kúkúrú. Lẹbẹ mẹ́ta á di omi mú, á sì jẹ́ kó lè yà."

Mo pa fóònù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sọ ọ́ bí ẹni ń kọrin.

A gbé méjèèjì lọ sí Tagwai. Ọyẹ́ ń fẹ́, omi ń ru díẹ̀. Bí àwọn apẹja ibẹ̀ ṣe ń dán ọkọ̀ wò la ṣe dán wọn wò. Wọ́n á ri igi kan mọ́lẹ̀ ní òdìkejì, ẹnì kan á wa ọkọ̀ lọ bá a. Èyí tí kò bá yà kúrò lójú igi ló dára. Gígùn lọ tààrà. Kúkúrú ń mi orí sọ́tùn-ún sósì. Malam Junaid, àgbà apẹja tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ń wò wá láti inú ọkọ̀ rẹ̀.

"Hajiya, ó jọ pé kúkúrú yẹn ń wá ohun tó sọnù."

"Onítẹ̀bọmi ni mí, Malam."

"To, Hajiya Onítẹ̀bọmi. Ṣé bí òkun ṣe rí náà nìyí?"

"Omi ni omi."

"Èmi ò dé ibẹ̀ rí. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n so gígùn. Mo fi lẹbẹ kúkúrú kan tó ṣeé pààrọ̀ sínú àpò Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, nítorí pé ó bẹ̀ mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ní Èkó, èmi wà níbí, nínú táńkì kan ní àdúgbò Maitumbi, mò ń fi sáńpépà ha inú rẹ̀, nígbà tí fóònù dún.

"Àǹtí mi, ìgbì yìí ga jù mí lọ. Kì í ru, ńṣe ló ń wó. Bó bá fà sẹ́yìn, yanrìn ń hàn."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Kúkúrú ni gbogbo wọn gbé. Latifah tá a jọ wà níbí ní òun á yá mi ní tòun. Àbí kí n fi lẹbẹ kúkúrú sí tiwa?"

"O ti gun kúkúrú lójú ìgbì rí?"

"Rárá."

"Fi gígùn sílẹ̀ síbẹ̀. Òun ló ń mú ọ dúró."

Mo gbọ́ òkun lẹ́yìn rẹ̀, ó dún bí ìgbà tí tírélà ń da òkúta sílẹ̀.

"Àbí kí n kúkú má wọ̀ ọ́?"

"Oṣù kẹrin ń bọ̀," mo wí.

"Ó dáa, mà."

Lẹ́yìn wákàtí kan mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Mo pè é, mo tún un pè. Gọ́ọ̀mù tí mo pò gan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù, Latifah ni. Ó ní Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ mú ìgbì àkọ́kọ́, ó sì lọ tààrà. Kò lè yà. Imú pákó rì, lẹbẹ gígùn kọ́ yanrìn, pákó dúró lójijì, òun kò dúró. Èjìká ọ̀tún ló fi balẹ̀. Ìgbì tó tẹ̀ lé e gbé pákó lé e lórí.

"Ṣé wọ́n mú un?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tiẹ̀ kọ́kọ́ bi mí bóyá ó ń mí."

Ó ń mí. Wọn kò mú un. Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí, egungun èjìká tó ṣẹ́ ti so pọ̀, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ kò gòkè kọjá àyà mọ́. Kò lè wa àjẹ̀, kò sì lè di irun ara rẹ̀.