Ògiri tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà Kejì

Obìnrin tó ń yàwòrán ibi tí ilé àti títì yóò wà nílùú ń wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri àdúgbò tuntun, nígbà tí èéfín dúdú yọ lókè ilé káfíńtà tó wà nínú ọgbà náà. Kí ó tó ká teèpù ọwọ́ rẹ̀, igbe ti gbalẹ̀ níbẹ̀.

Géètì kan ṣoṣo ni àdúgbò náà ní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, agbaṣẹ́ṣe ni, òun ló mọ ògiri yí i ká, torí pé àwọn olè na bàbá àgbà kan níbẹ̀ bí ẹni máa kú. Obìnrin náà ti sọ fún àwọn ará àdúgbò nígbà yẹn pé àdúgbò tó bá dára, ọ̀nà rẹ̀ á pọ̀, èèyàn á sì máa kọjá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ géètì ni.

"Panápaná ti dé, àmọ́ ọkọ̀ elérùpẹ̀ kan ti taku sẹ́nu géètì. Wọn ò lè wọlé, àwọn ará ilé ò lè jáde."

Ó sáré bá awakọ̀ katapílà tó ń la títì.

"Bá mi wó ògiri yìí."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé orí obìnrin náà ò pé. "Àǹtí, ṣé kì í ṣe ògiri ẹ̀gbọ́n yín nìyí? Ta ló máa gbà mí lọ́wọ́ wọn?"

"Èmi ni."

Ẹ̀gbọ́n náà ti ń sáré bọ̀, òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lára. "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èèyàn kún ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá wó lù wọ́n ńkọ́?"

Obìnrin náà wo ògiri. Kò tilẹ̀ ro ìyẹn.

"Bọ̀dá mi, tá a bá sì fi í sílẹ̀, iná á ká wọn mọ́bẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ká ṣe."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè wo èéfín. Láti inú ni ọwọ́ ti ń gbá ògiri náà. Ló bá fa àkàbà àwọn òṣìṣẹ́, ó gùn ún, ó lọgun mọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n kó àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ó yíjú sí awakọ̀.

"Má gba ibẹ̀ yẹn, òpó onírin wà níbẹ̀. Apá òsì. Rọra."

Ògiri mì, ó kọ̀, ó tún mì, ó ya lulẹ̀. Eruku bò wọ́n, obìnrin náà ò rí ẹnikẹ́ni. Àfi bí ìyá kan ṣe yọ nínú eruku, ó pọn ọmọ, ó ń wúkọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Panápaná gba ibẹ̀ wọlé. Ilé bíi mélòó kan jóná, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kú.

Nígbà tí wọ́n ṣèpàdé, bàbá àgbà tí olè nà ní kí wọ́n dí ojú ibẹ̀ padà. Agbaṣẹ́ṣe ló dìde.

"Bàbá, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a. N ò lè mọ ọ́n mọ́." Ó ní kí wọ́n ri òpó iná síbẹ̀, kí télọ̀ àti aṣerunlóge kó ṣọ́ọ̀bù wọn síbẹ̀, kí ojú èèyàn má bàa kúrò níbẹ̀.



"Ẹ fi àga kan síbẹ̀ fún èmi náà nígbà náà," ni bàbá àgbà wí. "Mo fẹ́ máa rí ẹni tó bá ń wọlé."