Ààlè Tó Wà Lára Igi Ọrun

Èmi kì í fọwọ́ kan ààlè. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná. Ẹlòmíràn lè rí i kó ní àkísà lásán ni, èmi á gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ọmọ Òṣogbo ni mí, mùsùlùmí sì ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò mọ ẹ̀sìn.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Gbádéyan ní Ìwàrà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọrun ni a ń gbẹ́. Àwọn ọdẹ ń rà á, àwọn tó ń fi ọfà ṣe eré ìdárayá ní Òṣogbo náà ń rà á. Láìpẹ́ yìí ni a rí igi àyìn kan gé, ó tọ́ gbọnrangandan, kò ní kókó kankan. Ó pẹ́ tí a ti ń wá irú rẹ̀. A là á, a tò ó sábẹ́ àtíbàbà, a fi igi wẹ́wẹ́ há a láàárín kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá.

Ó wá ku kí a dí i lójú. Igi tútù, omi inú rẹ̀ kì í dúró. Ojú ibi tí a ti gé e ló máa ń yára gbà jáde, ara igi á ṣì tutù. Ojú á súnkì, ara ò ní í súnkì, igi á là. Ìda oyin la máa ń yọ́ sí i lójú kó má baà rí bẹ́ẹ̀. Ìda ti tán nílé. Ìbíjọkẹ́, ọmọ bàbá tó ń gbé ní Òṣogbo, ní Alekuwodo, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bàbá sì ní bí àwọn bá lọ kí i, àwọn á ra ìda bọ̀.

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n so ààlè mọ́ igi náà: àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan jí wa nígi, wọ́n lọ fi ṣe ẹ̀rúkọ́.

"Àmínù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé."

"Ẹ ò ní í pẹ́, bàbá?"

"Ọ̀la ni mò ń bọ̀."

Ọ̀la dé, bàbá ò dé. Ọyẹ́ ló dé. Mo pe fóònù wọn, kò lọ. Ta ni ò mọ̀ pé bàbá kì í tan fóònù àfi tí àwọn fúnra wọn bá fẹ́ pe ènìyàn.

Mo lọ lóṣòó síwájú igi náà. Mi ò sún mọ́ ọn jù. Mo rí ìlà kan lójú ọ̀kan nínú wọn, tín-ín-rín bí irun. Nígbà tí oòrùn fi máa yí, òmíràn ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń wò. Ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu kó mi láyà jẹ, ṣùgbọ́n tó bá di ti igi, ojú mi kì í tàn mí. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, igi ìdáná la ní.

Màmá Bólúwají, ìyàwó bàbá, ń yan gààrí nítòsí.

"Àmínù, o ti ń yí igi yẹn po láti àárọ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé."

"Ó ń là, Màmá."

"Dí i lójú nígbà náà."

"Ẹ bá mi tú ààlè yẹn."

"Èmi kọ́ ni mo so ó." Wọ́n ń ro gààrí wọn lọ. "Ẹni tó so ó ló ń tú u. Ìwọ náà mọ̀."

Mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá pè mí lólè lábẹ́ àtíbàbà yẹn, mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè máa lọ. Mo dúró. Mo tún un rò. Olè ni wọ́n ń so ààlè fún. Olè kì í pe ènìyàn wá wòran. Mímú lọ sì ni iṣẹ́ olè. Èmi, fífi kún ni tèmi.

Mo kó àbẹ́là tí a máa ń tàn tí iná bá lọ, mo yọ́ ọ nínú agolo dípò ìda oyin, mo bu òrí díẹ̀ sí i kó má baà gbẹ kó máa já bọ́. Mo pe Màmá. Mo pe Lékan, ọlọ́kadà tó wá gbé gààrí.

"Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ máa wò mí."

"Bọ̀ọ̀dá Àmínù," Lékan ní, "ṣé kí n ti tan ọ̀kadà sílẹ̀? Tí ààlè bá lé yín, ẹ kàn fò mọ́ mi lẹ́yìn."

"Ṣáà máa wò mí."

Mo kọjú sí ààlè. Mo ní, "Olè ni wọ́n so ọ́ fún. Èmi kì í ṣe olè. Mi ò mú nǹkan kan kúrò, mo fẹ́ fi kún un ni." Mo ní Bìsìmílà, mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo. Mo kun ojú ìhín, mo kun ojú ọ̀hún. Èyí tó ti ń là, mo tẹ ìda àbẹ́là wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tí wọ́n so ààlè mọ́ gan-an. Àkísà bo ojú rẹ̀. Mo wò ó títí. Mi ò lè gbé àkísà yẹn sókè. Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni bàbá tó dé, pẹ̀lú ìda nínú láílọ́nù. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi rí i pé ojú igi ti funfun.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Ó ṣe mí bíi pé kí ilẹ̀ lanu.

"Èmi ni, bàbá. Ó ń là. Mi ò tú ààlè yín. Màmá wà níbẹ̀, Lékan wà níbẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tọ ojú igi náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó là sí i. Wọ́n dé ìdí àkísà, wọ́n tú u. Igi abẹ́ rẹ̀ ti là wọnú. Èékánná wọn rì sínú rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí, bàbá."

"Ẹ̀rù tèmi ni àbí ẹ̀rù àkísà?"

"Ti ẹ̀yin méjèèjì ni."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rín. "O dí gbogbo wọn lójú, o wá fi èyí tó tọ́ jù sílẹ̀. Ohun tí mo fi ń bá ọ wí nìyẹn." Wọ́n ju igi náà sídìí ààrò gààrí. Wọ́n wá gbé òmíràn, wọ́n ń yí i wò. "Èyí ti ń gbẹ. Ṣé a ò lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ lóṣù tó ń bọ̀? Àwọn ará Òṣogbo ò jẹ́ n sinmi."

Tẹ́lẹ̀, màá ní bí ẹ bá ti wí ni. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo gbé e wò, ó ṣì wúwo, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

"Rárá, bàbá. Tí a bá gbẹ́ ẹ báyìí, á tẹ̀ mọ́ ẹni tó bá fà á lọ́wọ́. Ó di ọyẹ́ tó ń bọ̀."

Wọ́n tan fóònù wọn, wọ́n nà án sí mi.

"Ìwọ ni kí o sọ fún wọn, nígbà náà."

Mo pe àwọn ará Òṣogbo náà níṣojú bàbá. Ẹni tó gbé fóònù ń bínú, ó ní ta ni mí. Mo ní èmi ni mo ń tọ́jú igi. Mo ní ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni.