Ilẹ̀kùn Inú Ọkàn Aránṣọ

"Àbí a ṣẹ̀ wọ́n ni? Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń dáwó mọ́?"

Káfíńtà ló béèrè. Ọ̀gá ẹgbẹ́ aláàánú tó ń bá wọn kówó jọ wo Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, Akọ̀wé wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà lóbìnrin, aránṣọ, ló wà ní ọsibítù. Ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn rẹ̀ kò ṣeé tì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ síwájú ń padà sẹ́yìn. Dókítà ní bí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí oṣù tó parí, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Iṣẹ́ Akọ̀wé ni kó máa bá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tọrọ àánú lórí ẹ̀rọ ayélujára. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tó kọ ọ̀rọ̀ nìkan, owó ń wọlé bí òjò. Lọ́sẹ̀ kejì, ó fi fídíò aránṣọ fúnra rẹ̀ sí i. Òjò dá.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ tún un ṣe," Káfíńtà ní. "Èmi tí mò ń tún ilẹ̀kùn gbogbo àdúgbò ṣe, ti ẹ̀gbọ́n mi ló wá kọjá agbára mi yìí!"

"Ẹ fara balẹ̀," Ọ̀gá wí. "Bóyá fídíò yẹn ló ṣókùnkùn."

Kò ṣókùnkùn. Akọ̀wé ti wò ó títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iye ìgbà tí aránṣọ ṣẹ́jú. Ohùn já gaara. Kí wá ló ń lé àwọn èèyàn sá? Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ní òun ń lọ ya òmíràn.

Ní wọ́ọ̀dù, aránṣọ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí mẹ́ta, rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nímú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá mí, èjìká rẹ̀ méjèèjì á gbéra. Akọ̀wé tan fídíò fóònù rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ara ńkọ́?"

"Ara ti yá, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Akọ̀wé fẹ́ dáhùn bí gbogbo ayé ṣe ń dáhùn, àfi bó ṣe rántí nǹkan kan. Bí fídíò yẹn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ìkíni lòun kà á sí. Ìròyìn ayọ̀ làwọn tó fẹ́ dáwó gbọ́.

"Mà, ṣé ara ti yá lóòótọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" Aránṣọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé kí n wá máa fẹnu ara mi pe àìsàn ni? Ìjókòó ni mo fi ń sùn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Akọ̀wé na fóònù sún mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ tún un sọ."